Ó Ń Wálẹ̀: Ṣé Kí N Rà Kún Un?

   

Ìyá kan ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Obì gbàǹja ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ti ń tà á kí wọ́n tó bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n wá jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n fa bébà kan yọ nínú àpò, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ tí o máa ń sọ̀rọ̀ owó nínú rédíò, gbà, kà á fún mi." Àkọsílẹ̀ ìpín ìdókòwò wọn ni, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní ṣíà. Wọ́n ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní ₦20. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù mi, ó ti di ₦11. Wọ́n wá bi mí pé, "Alágbàtà mi ní kí n rà kún un. Ó ní bí mo bá rà kún un báyìí, iye tí mo fi rà á yóò wálẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ mi ni?"

N kò dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwọn nìkan ni ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn. Ẹni tó ti ra ìpín rí, tó wá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó rí i pé ó ti wálẹ̀, ó ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí: kí n rà kún un ni, kí n jókòó tì í ni, àbí kí n tà á kí n gba ìwọ̀nba tó kù?

Òótọ́ ni alágbàtà ìyá wa sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí bírò bá wà nítòsí rẹ̀, kó mú un.

Ká ní o ra ìpín 1,000 ní ₦20 ìkọ̀ọ̀kan. Owó tó jáde lápò rẹ jẹ́ ₦20,000. Ìpín náà wálẹ̀ dé ₦10. O tún ra 1,000 mìíràn, ₦10,000 tún jáde. Ìpín rẹ ti di 2,000, owó tó ti jáde sì di ₦30,000. Pín owó náà sórí ìpín náà, wàá rí i pé ìkọ̀ọ̀kan ná ọ ní ₦15. Tẹ́lẹ̀, àfi kí ọjà padà dé ₦20 kí o tó rí ojú owó rẹ. Ní báyìí, bó bá ti dé ₦15, o ti bọ́ nìyẹn. Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni alágbàtà sọ yẹn.

Ibi tó korò wá ni pé ìpín yìí lè má dúró ní ₦10. Ká ní ó tún já wálẹ̀ dé ₦5. Ẹni tó ra 1,000 àkọ́kọ́ tí kò rà kún un, ₦5,000 ló kù ú kù, ó ti pàdánù ₦15,000. Ìwọ tí o rà kún un, ₦10,000 ni ìpín rẹ tó, nínú ₦30,000 tó jáde. Ìwọ ti pàdánù ₦20,000. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tí ìpín rẹ̀ ná an ní ₦15 ni àdánù tirẹ̀ pọ̀ ju ti ẹni tí tirẹ̀ ná an ní ₦20 lọ. Iye tó wálẹ̀ lórí bébà kò ní kí àdánù wálẹ̀. Owó tuntun ti wọ inú ọ̀rọ̀, òun náà sì ti di ohun tó lè ṣègbé.

Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá wa, tí mo ń wá ọ̀nà tí yóò fi yé wọn, kó tó di pé àwọn gan-an ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Mo bi wọ́n pé, "Màámi, bí obì bá wálẹ̀ lọ́jà, kí lẹ máa ń ṣe?" Wọ́n ní ó sinmi lórí ohun tó mú un wálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àkókò ìkórè ni, tí obì ń wọlé láti gbogbo oko, tí àwọn Hausa tó ń kó o lọ sí Kánò kò sì tíì pọ̀ lọ́jà, wọ́n á rà á, wọ́n á rà kún un, wọ́n á fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, wọ́n á máa yí i wò, wọ́n á máa ṣa èyí tó bá fẹ́ bàjẹ́ kúrò, títí ọjà yóò fi gbé e. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé kòkòrò ló wà nínú rẹ̀, bí wọ́n fi í ta ọ̀pọ̀ gan-an, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án. Mo ní, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Wọ́n ní, "Mà á tú agbọ̀n náà sílẹ̀, mà á la díẹ̀ wò. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí n tú agbọ̀n rẹ̀, n ò ní bá a ná an."

Mo wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan sí i. Mo ní, "Kí ẹ tó ra agbọ̀n kejì, ṣé ẹ máa ń wo iye tí ẹ fi ra ti àkọ́kọ́?" Wọ́n wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n. "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Èyí tó wà níwájú mi ni mò ń rà."

N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìyá yìí, tí wọ́n mọ̀ ọ́n lórí obì, kò rántí rẹ̀ nígbà tó di ọ̀rọ̀ ìpín. Ìpín jẹ́ ohun tí a kò fojú rí. Iye tí a fi rà á nìkan ni ọwọ́ wa bà, ìdí nìyẹn tí a ṣe dì í mú.

Ẹ wá jẹ́ kí a kúrò lórí obì, ká lọ síbi ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì wa ní Ṣàgámù. Ìtàn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju ti ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí tí mo mọ̀ lọ, ó sì jẹ́ tiwa.

Ọdún 1959 ni wọ́n dá West African Portland Cement sílẹ̀, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní WAPCO. Ewékorò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní 1960. Ní 1978, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ni ti Ṣàgámù níbí bẹ̀rẹ̀. Òkúta ẹfun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa ló gbé wọn wá. Àwọn ọmọ ìlú yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé ìwé, àwọn mìíràn nínú wọn sì ra ìpín rẹ̀. Mo mọ ìdílé tí ìwé ìpín WAPCO bàbá wọn ṣì wà nínú àpótí, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀.

Ní 2014, wọ́n da ilé-iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ Lafarge ti South Africa, wọ́n sì fi ìpín tó wà nínú ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ashaka àti ti Calabar kún un. Orúkọ rẹ̀ di Lafarge Africa. Lọ́dún yẹn, ìpín kan kọjá ₦100. Inú onípìn-ín dùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọwọ́ yí padà. Ti South Africa ń jẹ owó, kò pa á wọlé. Gbèsè dọ́là wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà, nígbà tí náírà sì já ní June 2016, gbèsè yẹn wú bí ìyẹ̀fun tí a po. Ìpín náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà kọ̀wé sí gbogbo onípìn-ín rẹ̀ pé, a nílò owó láti san gbèsè, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tiwa la kọ́kọ́ fi lọ̀: ẹni tó bá ní ìpín mẹ́sàn-án lè ra márùn-ún kún un, ní ₦42.50. Ní ìparí 2018 wọ́n tún kọ̀wé: ẹni tó bá ní méje lè ra mẹ́fà kún un, ní ₦12. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ìbéèrè ìyá wa síwájú àwọn èèyàn wa, nínú lẹ́tà, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí. Ṣé kí n rà kún un?

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejèèjì. Àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni mò ń bá wí. Ó ra ìpín 900 ní ₦100 ní 2014: ₦90,000. Ní 2017 ó ra 500 ní ₦42.50: ₦21,250. Ìpín rẹ̀ di 1,400. Ní 2018 ó ra 1,200 ní ₦12: ₦14,400. Ìpín rẹ̀ di 2,600. Àpapọ̀ owó tó jáde jẹ́ ₦125,650. Bí a bá pín in, ìkọ̀ọ̀kan ná an ní ₦48 àti kọ́bọ̀ díẹ̀. Láti ₦100 wá sí ₦48! Lórí bébà, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jà lọ́jọ́ náà, ₦12 ni ìpín yìí. Gbogbo ohun tó ní kò ju bí ₦32,000 lọ nínú ₦125,650. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ìyàwó rẹ̀ máa bi í pé níbo ni owó ilé ìwé wà.

Ó tún wálẹ̀ sí i. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ó bọ́ sísàlẹ̀ ₦12 náà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú agbọ̀n. Ní 2019, wọ́n ta ti South Africa dànù. Wọ́n fi owó náà gbé gbèsè kúrò lọ́rùn. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ń kó símẹ́ńtì jáde ní Ṣàgámù, àwọn èèyàn ń kọ́lé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìpín náà gbéra. Ní ìparí 2024 ó ti sún mọ́ ₦70, ní oṣù tí Holcim, ilé-iṣẹ́ tó ni ìpín 83.81 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, kéde pé òun fẹ́ tà á fún Huaxin, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì ti ilẹ̀ China. Ní 2025 ó kọjá ₦100.

Nítorí náà, ní ₦70 ti ìparí 2024, ìpín 2,600 ọkùnrin wa ti di ₦182,000. Ó ti rí ojú owó rẹ̀, ó ti jèrè. Àwọn kan yóò ní, ṣé ẹ rí i, rírà kún un ló gbà á là.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká fi símẹ́ńtì fúnra rẹ̀ wọn owó yìí, nítorí náírà 2014 kọ́ ni náírà 2024. Ní 2014, àpò símẹ́ńtì kan kò tó ₦2,000. ₦90,000 àkọ́kọ́ yẹn nìkan ìbá ra àpò tó lé ní márùndínláàádọ́ta, èyí tó tó láti bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Ní 2024, nígbà tí àpò kan ti tó ₦8,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ₦182,000 kò ra àpò mẹ́tàlélógún. Yàtọ̀ sí èrè ọdọọdún díẹ̀ tó wọlé fún un, ọkùnrin wa dúró fún ọdún mẹ́wàá, ó fi owó kún owó, àpò símẹ́ńtì rẹ̀ sì kù sí ìdajì. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ó jèrè tí kò fi èyí kún un, kò ṣe dáadáa sí yín.

Ẹ tún jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí mo rí wà. Ìpín 900 ti 2014, tí a fi ₦90,000 rà, jẹ́ ₦63,000 ní ìparí 2024. Àdánù ni, àdánù ló sì jẹ́ lọ́jọ́ náà, yálà ó rà kún un ni tàbí kò rà kún un. Ìpín 1,700 tó rà kún un, tó fi ₦35,650 rà, jẹ́ ₦119,000. Èrè gidi ni. Èrè tuntun yẹn kò wo ọgbẹ́ àtijọ́ sàn rárá. Ohun tó dára ló rà lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ẹlòmíràn tí kò ní ẹyọ kan rí tó rà á ní ₦12 lọ́jọ́ yẹn ìbá jèrè bákan náà. Àgbà olóbì ti sọ ọ́ tán: èyí tó wà níwájú mi ni mò ń rà.

Ní ọdún 2018 kan náà yẹn, ìpín mìíràn wà lọ́jà tó ti wálẹ̀ ju ti símẹ́ńtì lọ. Skye Bank ni. Ìpín rẹ̀ kò tó ₦1. Ẹni tó rà á ní ọ̀pọ̀ náírà lọ́dún àtijọ́, bó bá fi ₦10,000 péré rà kún un, iye tí ìkọ̀ọ̀kan ná an ìbá já wálẹ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu. Àwọn kan sì wí bẹ́ẹ̀: ibo ló tún kù tó lè wálẹ̀ dé? Ní September 21, 2018, báńkì àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Polaris Bank gba ibẹ̀. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ wà digbí. Onípìn-ín kò rí kọ́bọ̀.

Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Àwọn méjèèjì ló ń wálẹ̀. Àwọn méjèèjì ni gbèsè ń fìyà jẹ. Lafarge Africa ń pàdánù, ṣùgbọ́n ó ń gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde: ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, mo pàdánù tó báyìí, ibi tó ti jáde nìyí, ohun tí mo fẹ́ ṣe sí i nìyí. Skye Bank, láti ìgbà tí báńkì àpapọ̀ ti pààrọ̀ àwọn aláṣẹ rẹ̀ ní July 2016, ó pẹ́ tí ìṣirò owó rẹ̀ kò fi jáde bó ṣe yẹ. Agbọ̀n tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú nìyẹn. Ẹni tó ń rà kún un kò mọ ohun tó ń rà, iye rẹ̀ tó kéré nìkan ló mọ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ra ìpín báyìí mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tuntun. Nígbà tí Soludo, gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí, àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín fún aráyé. Wọ́n tà á dé ọ́fíìsì, wọ́n tà á dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Báńkì ń yá èèyàn lówó láti fi ra ìpín báńkì. Òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín dé 66,000 àti díẹ̀ ní March 2008. Nígbà tó fi máa di March 2009, ó ti wálẹ̀ dé bí 20,000. Ọdún 2023 ni ó tó padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ yẹn ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Afribank, Bank PHB àti Spring Bank kò sì padà rárá. August 5, 2011 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ wọn, ìpín wọn sì di bébà lásán.

Mo wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, nítorí náà mo fẹ́ sọ tèmi. Ní 2008, mo ra ìpín báńkì kan tí n kò ní dárúkọ, 1,000 ní ₦30. Ó wálẹ̀ dé ₦20, mo ra 2,000 kún un. Ó wálẹ̀ dé ₦12, mo ra 3,000. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá rà á, mo máa ń mú ìwé, mo máa ń pín in, inú mi á dùn sí iye tí mo rí: ₦30, ó di ₦23, ó di ₦17 àti díẹ̀. Mo ń wo òǹkà yẹn bí ẹni pé báńkì náà ló ń sàn. ₦106,000 ló jáde lápò mi, àjọ oṣù mẹ́fà sì wà nínú rẹ̀. Mo tà á ní ₦2, mo gba ₦12,000. Bí mo bá ti dúró lórí 1,000 àkọ́kọ́, ₦28,000 ni ǹ bá pàdánù. ₦94,000 ni mo pàdánù. Owó tí mo fi ń sá fún àdánù kékeré ló sọ ọ́ di ńlá.

Ìwé ìṣirò owó báńkì náà, n kò kà á rí. Ẹ ò rí i bí? Mo kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò, mo ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n n kò tú agbọ̀n. Mo rí ilé báńkì tó ń dán, mo rí amúlétutù, mo rí àwọn ọmọ tó wọ kóòtù. Mo dà bí ẹni tó ń wo èéfín ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì tó wá ní, wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló kù? Èéfín nìkan kò tó. Ní 2018 náà, èéfín yẹn ń rú, gbèsè dọ́là ò sì hàn nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí n rà kún un, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ká ní o ò ní ẹyọ kan nínú ìpín yìí, ká ní o ò rà á rí láyé rẹ, ṣé wàá rà á lónìí ní iye tó wà yìí? Bó bá lọ́ra láti dáhùn, mo ti mọ̀ pé ìpín àtijọ́ ló ń wò, kò wo tuntun. Mo máa ń bi í pé kí ló mú un wálẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ọjà ló wálẹ̀, bí ti àkókò kòrónà, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ó jọ ìkórè obì. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń wálẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gòkè, kòkòrò lè wà. Owó wo ló fẹ́ fi rà á? Bó bá jẹ́ owó tí a yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, tàbí owó ilé ìwé, èmi ò ní bá a sọ ọ́ síwájú. Ìpín tó dára pàápàá lè pẹ́ kó tó dìde. Ti símẹ́ńtì wa gba ọdún mẹ́wàá. Olórí ilé ìwé kò ní dúró de ìyẹn.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ìpín lóṣooṣù, iye kan náà, yálà ó gòkè ni o tàbí ó wálẹ̀, nínú owó oṣù wọn. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí mò ń bá wí. Ètò ni wọ́n fi ń rà á, wọn kò fi ìbànújẹ́ rà á. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí kò ní í lọ́kàn láti rà, àfi ìgbà tó rí i pé ó wálẹ̀, tí àyà rẹ̀ já, tó wá ń wá ohun tí yóò mú kí òǹkà tó wà lórí bébà dára lójú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá wa. Mo sọ gbogbo èyí fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ-ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì bá wọn wá ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó kà á fún wọn ní Yorùbá: iye tó wọlé, iye tó jáde, gbèsè tó wà nílẹ̀, bó ṣe rí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àná ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní ọmọ náà kà á dé ọ̀gànjọ́. Gbèsè ilé-iṣẹ́ náà ń wú lọ́dọọdún, owó tó ń wọlé kò wú tó o. Mo bi wọ́n pé, "Màámi, ká ní ẹ ò ní i rí, ṣé ẹ ó rà á?" Wọ́n ní rárá.

Owó tí wọ́n fẹ́ fi rà kún un, wọ́n ti fi ra obì. Èyí tó kù tí a kò tíì fẹnu kò sí ni ti àtijọ́. Mo ní bí ẹ ò bá ní rà á lónìí, kí lẹ fi ń pa á mọ́? Wọ́n ní àwọn ò lè ta ohun tí àwọn rà ní ₦20 ní ₦11, pé ó dà bí ẹni pé àwọn fi ọwọ́ ara àwọn gbẹ́ ọgbẹ́ náà. Mo ní ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ní kí n wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, kí a jókòó sọ ọ́. Mo ti ní mò ń bọ̀.